Ta Ni Ọ̀tá Ìlú?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, mo jókòó nínú ilé mi ní Baṣọ̀run, mo ń ka ìwé, nígbà tí ariwo ńlá kan dún. Ilẹ̀ mì tìtì, fèrèsé gbọ̀n, àwọn ajá àdúgbò sì figbe ta. Kí ó tó pẹ́, tọmọdé tàgbà ti tú síta. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò rò pé òun mọ ẹni tí ó ṣe é. “Boko Haram ti wọ Ìbàdàn!” ni igbe tí ó gba ẹnu gbogbo wa.

Ọkùnrin Haúsá kan wà tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé kan ní òpópó wa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó ti wà láàrin wa, òun ni í sì í bá àwọn arúgbó àdúgbò gbé omi wọlé nígbà ọ̀dá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yí i ká, wọ́n ní kí ó sọ ibi tí àwọn arákùnrin rẹ̀ gbé àdó olóró kejì sí. Ọ̀kan nínú wọn gbá a létí. Mo wà níbẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé àti ìwà, mo dúró pẹ̀lú ọ̀pá mi lọ́wọ́, n kò sì la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin náà ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ. A kò rí i mọ́ títí di òní.

Gómìnà ìpínlẹ̀ wa ni ó wá sọ ohun tí ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn: ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà ni ó bú. Àwọn ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ fara pa, ilé wó. Ṣùgbọ́n Boko Haram kò wọ Ìbàdàn, ọkùnrin tí ń gbé omi fún àwọn arúgbó kò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí òpópó kan ṣoṣo bá lè ṣi ọ̀tá mọ̀ báyìí ní wákàtí kan, ẹ ro ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí ìjọba tí ó ní ìbọn, ọkọ̀ òfuurufú, ọgbà ẹ̀wọ̀n àti adájọ́ bá ṣì í mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Mo fẹ́ sọ, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè wa gbà ń pe ọ̀tá lórúkọ kò tọ̀nà, àti pé ìjọba tí ó bá tẹ̀ lé wọn yóò pàdánù ogun tí ó ń jà.

Àwọn baba wa sọ pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò sọ pé kí ọba má gé ìka. Ọ̀tá tí ó yẹ kí ìjọba gbógun tì ni ẹni tí ó pa ènìyàn tàbí tí ó gbìmọ̀ láti pa ènìyàn kí ẹ̀rù lè ba ìlú, àti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi owó, ìbọn, ilé tàbí ìròyìn ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ẹni náà ṣe ni kí a fi mọ̀ ọ́n. Kí a má ṣe fi èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ mọ̀ ọ́n, kí a má ṣe fi ibi tí ó kọjú sí nígbà tí ó ń gbàdúrà mọ̀ ọ́n, kí a má sì ṣe fi bí ó ti ń bú ìjọba tó mọ̀ ọ́n.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní àdúgbò wa, ṣọ́jà ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un, ẹ̀rín ni ó fi mí rín. Ó ní, “Ọ̀gá Tíṣà, ẹ̀yin mọ ìwé, ẹ kò mọ ogun. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í wọ aṣọ ogun. Wọn a máa ta àlùbọ́sà ní àárọ̀, wọn a sì máa yìnbọn ní alẹ́. Ẹ jẹ́ kí á lé akátá lọ ná kí á tó bá adìyẹ wí. Bí a bá ní ìka kọ̀ọ̀kan ni a ó máa yẹ̀ wò, ọwọ́ náà yóò ti fún wa lọ́rùn pa.”

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òtítọ́ ni pé agbésùnmọ̀mí kì í wọ aṣọ ogun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá kò bá ní àmì lára, ṣé àwa ni yóò wá àmì lẹ̀ mọ́ ọn kí iṣẹ́ lè rọ̀ wá lọ́rùn? Ahọ́n rọrùn láti gbọ́, fìlà rọrùn láti rí, nítorí náà ni ọ̀lẹ fi ń fi ahọ́n àti fìlà wá apani kiri. Apani fúnra rẹ̀ mọ èyí, ó sì lè bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀ nígbàkigbà. Ẹni tí kò lè bọ́ ohun tí a fi dá a mọ̀ ni aláìṣẹ̀ tí ń ta àlùbọ́sà ní àárọ̀ tí ó sì ń sùn ní alẹ́.

Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Aáwọ̀ láàrin ènìyàn díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan sì kú nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìka tí ó ṣẹ̀ ni a wá, iṣẹ́ ọlọ́pàá méjì àti adájọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà ìbá jẹ́. A kò wá ìka, ẹ̀yà ni a wá. Yorùbá dojú kọ Haúsá, Haúsá dojú kọ Yorùbá, ẹ̀mí mìíràn ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná. Ìjọba ti ọjà náà pa, wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé, àwọn gómìnà láti Òkè Ọya wá sí Ìbàdàn láti pẹ̀tù sí aáwọ̀. Ní ìparí oṣù náà, àwọn oníṣòwò ẹran àti oúnjẹ ní Òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró, wọn kò jẹ́ kí ó wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ́, owó àlùbọ́sà àti tòmátì sì fò sókè. Ẹ bi ìyá arúgbó Yorùbá tí owó òwò rẹ̀ jóná ní Ṣáṣá bí ó bá rí ọ̀tá rẹ̀ kankan tí a ṣẹ́gun ní ọjọ́ náà.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ìyẹn jẹ́ ìjà ọjà, kí ni ó kan ìjọba nínú rẹ̀?” Ó kàn án, nítorí pé ìjọba náà a máa hùwà bí ọjà nígbà mìíràn.

Ọ̀nà Akánrán ni bàbá mi ti ń dáko kòkó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1968. Àwọn àgbẹ̀ ní owó orí ti wọ àwọn lọ́rùn, owó tí wọ́n ń rà kòkó lọ́wọ́ àwọn kò tó nǹkan, ojú ọ̀nà kò sì ṣe é rìn; wọ́n ní 30 ṣílè ni agbára àwọn ká. Ojú ọlọ̀tẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi wò wọ́n, ó sì rán ọlọ́pàá àti ṣọ́jà sí oko. Mo rántí alẹ́ tí bàbá mi sùn sínú igbó, tí ìyá mi da omi sí iná ààrò kí èéfín má bàa tọ́ka sí ilé wa. Bàbá mi kò pa ènìyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó jẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà Akánrán lọ.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe parọ́ nítorí pé bàbá mi ni. Àwọn kan pa ènìyàn ní àkókò náà. Ní oṣù keje ọdún 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ajàjàgbara já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi níhìn-ín ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó pa ọba jẹ̀bi ikú ọba, kò sì sí owó orí kankan tí ó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Àṣìṣe ìjọba ni pé kò ya ẹni yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn ń sọ pé owó orí pọ̀ jù. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìnáwó nígbà náà, lọ bá Táfá Adéoyè, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì dín owó orí kù sí £2, ìjà náà rọlẹ̀. Nǹkan bí ọdún kan ni a fi bá àwọn tí ń bọ́ wa jà, nígbà tí kò sí ẹni tí ó jókòó láti bèèrè pé ta ni ọ̀tá gan-an.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí ìjọba lọ bá àwọn tí ó kó 276 ọmọbìnrin ní ilé ìwé Chibok ní oṣù kẹrin ọdún 2014 jókòó lórí ẹní kan náà. Ẹni tí ń jí ọmọ ilé ìwé gbé kò bèèrè owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ni ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí ìjọba kọ́ bí a ti ń rí.

Mo tún ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kejì, àwọn ọlọ́rọ̀ tútù tí ẹ̀rù ń bà láti pe apani ní apani. Ní òru ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin ọba. Ní ọjọ́ kan náà gan-an ní ọdún 2022, àwọn mìíràn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, nígbà tí ìsìn Àìkú ń parí lọ, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn, àti àwọn ọmọdé nínú wọn. Lẹ́yìn irú ìwà bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ a máa jáde, wọn a ní “àwọn ẹni ibi” ni ó ṣe é, tàbí “àwọn agbébọn tí a kò mọ̀”, wọn a sì padà sílé lọ sùn. Ìjọba tí kò bá dárúkọ apani ń fi àyè sílẹ̀ fún aládùúgbò láti dárúkọ ẹni tí ó bá wù ú, orúkọ tí aládùúgbò yóò sì dá ni orúkọ ẹ̀yà kan. Ẹni tí ó gbá olùṣọ́ òpópó wa létí ń ṣe iṣẹ́ tí ìjọba fi sílẹ̀ láìṣe ni, ó sì ṣe é bí òpè.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, kí àwọn agbébọn tó wọ Ìgàngàn, wọ́n ti lé Séríkí Fúlàní ìlú náà jáde, wọ́n sì ti sun ilé rẹ̀. N kò sọ pé èkíní ni ó bí èkejì. Mo ń bèèrè bí lílé tí a lé e ṣe dáàbò bo Ìgàngàn. Nínú igbó Ìbàràpá, ta ni yóò tètè mọ àjèjì darandaran yàtọ̀ sí darandaran tí ó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀? Ojú tí ó lè ṣọ́ wa ni a fi ọwọ́ ara wa fọ́.

Ní ti Ọ̀wọ̀, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn fura sí ISWAP, ẹ̀ka tí ó ya kúrò lára Boko Haram. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni a tó gbé ọkùnrin márùn-ún wá sí ilé ẹjọ́ ní Àbújá, ìwé ẹ̀sùn sì pè wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ Al-Shabaab. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ ni yóò sì dá a. Ẹ ṣáà rí i pé orúkọ àkọ́kọ́ àti orúkọ inú ìwé ẹ̀sùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Láàrin ọdún mẹ́ta náà, mélòó nínú wa ni kò ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá ẹjọ́ ọ̀hún tán, tí kò sì dárúkọ èyíkéyìí nínú méjèèjì?

Òfin wà. Ní ọdún 2011 ni orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin àkọ́kọ́ lórí ìwà agbésùnmọ̀mí, a tún un ṣe ní ọdún 2013, a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2022. Ó dùn mọ́ mi láti sọ pé òfin náà gbọ́n ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lò ó lọ. Ìṣe àti èrò tí ó wà lẹ́yìn ìṣe ni ó fi mọ agbésùnmọ̀mí, kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Òfin ọdún 2011 tilẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ìwọ́de tàbí ìdáṣẹ́sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ dí iṣẹ́ ìlú lọ́wọ́, kì í ṣe ìwà agbésùnmọ̀mí níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ó ṣe é kò bá gbèrò láti ṣe ènìyàn ní jàm̀bá.

Ibi tí mo ti rí àbùkù ni ọ̀nà tí a ń gbà lẹ orúkọ náà mọ́ ẹgbẹ́ lára. Agbẹjọ́rò àgbà ti ìjọba àpapọ̀ yóò lọ bá adájọ́, yóò ro ti ẹnu rẹ̀, adájọ́ yóò sì fọwọ́ sí i láìpe ẹnìkejì. Bí a ti ṣe IPOB nìyẹn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe àwọn jàǹdùkú Òkè Ọya, àwọn tí ń sun abúlé tí wọ́n sì ń kó ọmọ ilé ìwé lọ, ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni orúkọ náà tó kàn wọ́n. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò fẹ́ràn IPOB, n kò sì ní omijé kankan fún jàǹdùkú. Ṣùgbọ́n kí a pe ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kí ó wá wí tẹnu rẹ̀, kí àṣẹ náà má sì wà títí láé láìsí pé ilé aṣòfin tún un yẹ̀ wò ní ọdọọdún. Orúkọ burúkú tí kò ṣe é yọ kúrò kì í pẹ́ di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wà lórí oyè. Nelson Mandela ti jẹ ààrẹ ilẹ̀ South Africa tán, ó sì ti gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà, kí ìjọba Amẹ́ríkà tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tí wọ́n ń fura sí ní ọdún 2008.

Ọ̀rẹ́ mi ṣọ́jà sọ pé ilé ẹjọ́ kò sí lójú ogun. Mo dáhùn pé ojú ogun gan-an ni àṣìmọ̀ ti máa ń burú jù. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 2023, àwọn ará Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kàdúná kó ara wọn jọ ní alẹ́ láti ṣe ọdún Mọ́líìdì. Ọkọ̀ òfuurufú ogun tí kò ní awakọ̀ rí wọn láti òkè, àwọn tí ń darí rẹ̀ sì ka àpéjọ náà sí ti àwọn jàǹdùkú. Ó kéré tán, 85 ènìyàn ni a sin, obìnrin àti ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Wọ́n tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni pé wọ́n pọ̀ ní ojú kan ní ilẹ̀ tí jàǹdùkú wà.

Bí a bá sì ti mú ọ̀tá tán ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 2009, àwọn ṣọ́jà mú Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram, láàyè ní Maiduguri. Wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n sì pa á sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti dè lọ́wọ́ ti kúrò ní ọ̀tá ojú ogun, ẹlẹ́jọ́ ni ó dà. Bí a bá mú un lọ sí ilé ẹjọ́, à bá gbọ́ orúkọ àwọn tí ń fún un lówó, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ì bá sì rí olórí wọn bí ọ̀daràn tí ń wá ọ̀rọ̀ sọ níwájú adájọ́. Ohun tí a fi fún wọn ni ajẹ́rìíkú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbára jọ lábẹ́ Abubakar Shekau, a kò sì tíì bọ́ nínú rẹ̀.

Mo fi èyí tí ó kan ẹ̀yin fúnra yín sí ìkẹyìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn ènìyàn wọ́de nítorí ebi àti ọ̀wọ́n oúnjẹ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá, a kó 76 nínú àwọn tí a mú wá sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, tí ikú jẹ́ ìjìyà rẹ̀, sì wà lára ohun tí a fi kàn wọ́n. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá títí dé mẹ́tàdínlógún, àwọn ẹgbẹ́ yín gan-an. Ebi àti àárẹ̀ hàn lára wọn débi pé mẹ́rin ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Ìgbà tí gbogbo ayé pariwo ni ààrẹ tó pàṣẹ pé kí a dá àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Bí ọmọ kan bá sọ òkúta tàbí tí ó jí nǹkan nígbà ìwọ́de, òfin wà fún òkúta, ó wà fún olè jíjà. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó wo ọmọ tí ebi ń pa tí ó sì rí ọlọ̀tẹ̀, kí ni yóò rí nígbà tí ọlọ̀tẹ̀ gidi bá dé?

Mo ka ìwé yìí sí ọ̀rẹ́ mi létí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ọ̀gá Tíṣà, bí ilé ẹjọ́ bá dá ẹnìkan sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rí kò tó, tí ẹni náà sì lọ pa ènìyàn ní ọ̀la ńkọ́?” Mo sọ fún un pé yóò ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn, àti pé irọ́ ni ẹni tí ó bá ní kò ní í ṣẹlẹ̀ rárá ń pa. Mo ní kí ìjọba kọ́ àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ bí a ti ń wá ẹ̀rí, kí ó sì san owó oṣù tí ó tó fún wọn. Mo wá bi í ní tèmi pé àwọn òkú 85 ti Tudun Biri ńkọ́, ta ni ó lọ jí wọn? Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò gbà pẹ̀lú mi. A óò tún bá ọ̀rọ̀ náà lọ ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀.